Àwọn Ìyá Tí Kò Rí Òkú Sin

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn bàbá onílé tó ti fẹ̀yìntì ní Ibafo tàbí Mowe nírọ̀lẹ́, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá délẹ̀, kò ní pẹ́ tí orúkọ Godwin Odiye á fi jáde. Púpọ̀ nínú wọn, Mushin, Agége àti Sùúrùlérè ni wọ́n ti ṣe ọ̀dọ́, kí owó ilé Èkó tó lé wọn gba títì márosẹ̀ Ìbàdàn wá síhìn-ín. Wọ́n wà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977, tàbí kí wọ́n ti lẹ etí mọ́ rédíò, lọ́jọ́ tí Odiye fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n ilé wa, tí Tunisia sì fi góòlù kan ṣoṣo yẹn já wa kúrò lọ́nà ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1978. Argentina ni ìdíje náà ti wáyé. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn wa ìgbà náà, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Argentina kò ju ìyẹn lọ: orílẹ̀-èdè tí orí Odiye kò jẹ́ ká dé.

Ká ní a dé ibẹ̀ ni, ìlú tí àwọn ológun ti ń jí èèyàn kó lóru làwọn ọmọ wa ì bá ti gbá bọ́ọ̀lù. Láti pápá River Plate ní Buenos Aires, níbi tí wọ́n ti gbá àṣekágbá, dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n ń pè ní ESMA, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn ín. Inú ọgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi àpò bo èèyàn lórí, tí wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n mọ́lẹ̀ lókè àjà. Àwọn díẹ̀ tó yè nínú wọn sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ń gbọ́ ariwo góòlù láti ibi tí wọ́n de àwọn sí.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kí ó nù lọ. Ẹni tí irú rẹ̀ kò bá ṣẹlẹ̀ sí rí lè rò pé ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kú ní Ifo, iṣẹ́ wà tí gbogbo ilé máa ṣe. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á dì í, wọ́n á gbẹ́lẹ̀. Àwọn àáfà á ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, tàbí kí pásítọ̀ wá ṣe ìsìn. Aládùúgbò á gbé àga wá, òmíràn á gbé oúnjẹ wá. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí òkú rẹ̀ kò ṣeé gbé, wọ́n á gé irun àti èékánná rẹ̀ wá sílé, ìyẹn ni wọ́n á sin. Ẹni tó nù kò ní irun, kò ní èékánná. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ bóyá kí òun wọ aṣọ ọ̀fọ̀ ni àbí kí òun bu oúnjẹ tirẹ̀ pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Á lẹ ìwé "A ń wá èèyàn" mọ́ òpó iná ní ibùdókọ̀ Mowe títí òjò á fi fọ̀ ọ́ dànù, á sanwó ìkéde lórí rédíò, á fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ fún àdúrà nínú àwọn àgọ́ ìjọ tó kún ẹ̀bá títì márosẹ̀ yẹn, á sì tún yọ́ lọ bá babaláwo láìjẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́. Gbogbo ìyẹn la mọ̀. Gbọ́mọgbọ́mọ, ajínigbé, jàǹbá ọkọ̀: a mọ ohun tó lè gbé ọmọ lọ, a sì mọ̀ pé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá la ó kọ́kọ́ sáré dé. Bó bá wá jẹ́ pé àwọn tó wà ní tẹ́ṣàn tàbí ní bárékè ló gbé e ńkọ́?

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1976 ni àwọn ọ̀gágun gbàjọba ní Argentina. Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chile, aládùúgbò wọn, ní 1973, níbi tí ọ̀gágun Pinochet ti kó èèyàn sínú pápá ìṣeré ní gbangba tí gbogbo ayé sì pariwo lé e lórí. Òkú a máa sọ̀rọ̀. Ó ń ní ibojì, ó ń ní ẹlẹ́rìí. Nítorí náà wọ́n gba ọ̀nà mìíràn: kí ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà wá lóru, kí ó gbé akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, akọ̀ròyìn tàbí agbẹjọ́rò lọ, kí tẹ́ṣàn ní òun kò rí i, kí bárékè ní òun kò rí i, kí adájọ́ ní òun kò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ oorun, tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n sì dà sómi láàyè. Ní 1979, Jorge Videla, olórí ìjọba náà, sọ níwájú àwọn oníròyìn pé ẹni tó nù kò sí láàyè, kò sì kú; ó kàn nù ni. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba alágbádá gbé dìde lẹ́yìn wọn kọ ọ̀rọ̀ èèyàn 8,961 sínú ìwé àbọ̀ rẹ̀ ní 1984. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní iye náà tó 30,000, ìjà lórí iye yẹn kò sì tíì tán níbẹ̀ títí dòní.

Àwọn ìyá kọ́kọ́ mọ ara wọn níbi tí wọ́n ti ń dúró de àwọn aláṣẹ. Ní ọ́fíìsì ìjọba, àti ní Stella Maris, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ ogun ojú omi, obìnrin kan á máa bi èkejì pé ta ni wọ́n gbé nílé tirẹ̀. Azucena Villaflor, tó ń wá ọmọ rẹ̀ Néstor àti Raquel, àfẹ́sọ́nà ọmọ náà, ló ní kí wọ́n yé jókòó dè wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sí Plaza de Mayo, gbàgede tó kọjú sí ààfin ààrẹ. Àwọn 14 ló lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1977. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, gbàgede dá páropáro, kò sí ẹni tó máa rí wọn. Wọ́n sún un sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹnì kan nínú wọn tún ní ọjọ́ Ẹtì kò dára, ọjọ́ àwọn àjẹ́ ni, ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ni wọ́n bá fi sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ibẹ̀ ló sì wà di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Òfin pàjáwìrì wà nílẹ̀ nígbà náà tí kò gba èèyàn láyè láti kóra jọ. Àwọn ọlọ́pàá ní wọn kò gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, kí wọ́n máa rìn. Wọ́n kọ́ ara wọn lápá ní méjì-méjì, wọ́n ń rìn yí ọwọ̀n àárín gbàgede náà po. Ìrìn tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, àṣẹ ọlọ́pàá ló bí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé àwọn èrò lọ sí Luján, ibi tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ti ń lọ gbàdúrà, ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n wá ohun tí wọ́n á fi dá ara wọn mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Nápíkìn aláṣọ funfun ni wọ́n so mọ́rí, irú èyí tí àwọn ìyá tiwa náà ń sè, tí wọ́n ń sá sórí okùn kí Pampers tó dé. Lẹ́yìn náà ló di ìborùn funfun tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sí lára.

Ẹni tó bá jẹ́ Ẹ̀gbá kò ní bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ní 1947, owó orí àwọn obìnrin ti ń ni gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá lára, títí dé ìhà Ifo àti ti Ọbáfẹ́mi Owódé tí Mowe àti Ibafo wà lónìí. Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ síwájú ààfin Aké. Wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n fi orin bú ọba, wọ́n kọ̀, wọn kò lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ìtàn yẹn wà lẹ́nu wa bí ẹní ka oríkì, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tètè sọ pé ọ̀kan náà ni. Ọjà wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá tì í, ebi á pa ìlú. Aláké mọ agbolé tí wọ́n ti jáde, wọ́n sì mọ tirẹ̀. Ojú lè tì í. Àwọn ìyá Buenos Aires kò ní ọjà, wọn kò ní ẹgbẹ́, ìyàwó ilé tí kò dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú rí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn, àwọn tí wọ́n sì ń bi kò ní ojú tí ń tini.

Ọdún 1977 yẹn kan náà ni àwọn sójà tiwa ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá lójú ọ̀nà Agége l'Ékòó. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ni. Wọ́n lu ará ilé, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ju ìyá Fẹlá gba ojú fèrèsé òkè. Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì yẹn náà ni, ẹni ọdún 76. Ara rẹ̀ kò le mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, ohun tí wọ́n sì mú jáde ni pé sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Olórí ìjọba ológun nígbà náà ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu l'Abẹ́òkúta, tí oko rẹ̀ ní Ọ̀tà kò jìnnà sí Ifo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín ọjọ́ tí Kalakuta jóná àti ọjọ́ tí àwọn obìnrin 14 náà kọ́kọ́ dé Plaza de Mayo. Ní Èkó, òkú wà nílẹ̀, apààyàn ló nù. Ní Buenos Aires, tòkú tapààyàn ló nù.

Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìyá náà pàdé. Ó ní arákùnrin òun ni wọ́n gbé, ó pe ara rẹ̀ ní Gustavo Niño, àwọn obìnrin náà sì ń ṣàánú rẹ̀. Alfredo Astiz ni, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1977, wọ́n kó èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Cruz; méjì nínú àwọn ìyá, Esther Ballestrino de Careaga àti María Ponce de Bianco, wà lára wọn. Ní ọjọ́ 10, ọjọ́ tí ìkéde tí àwọn ìyá sanwó fún jáde nínú ìwé ìròyìn La Nación, wọ́n gbé Azucena Villaflor fúnra rẹ̀. Ti Esther ló ń yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ti dá ọmọbìnrin tirẹ̀ sílẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó lè jókòó sílé, kó máa dúpẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló bá padà wá sí gbàgede. Obìnrin náà ti jẹ́ ọ̀gá rí ní yàrá àyẹ̀wò kẹ́míkà kan tí ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Jorge Bergoglio ti ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bergoglio yẹn ló wá di Póòpù Francis. Wọ́n ju àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sómi láti ojú òfurufú, omi sì gbé wọn padà wá sí etíkun, bí ẹni pé ó kọ̀ wọ́n. Wọ́n sin wọ́n láìlórúkọ. Ní 2005 ni àwọn onímọ̀ tó ń yẹ egungun wò tó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Àwọn ìyá tó kù padà wá sí gbàgede náà ní Ọjọ́bọ̀.

Òwe tí mo pa lẹ́ẹ̀kan, nípa ìyá ló ti sọ òótọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó gbé ọmọ pamọ́, ibẹ̀ sì ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ti kọ́ ayé ní ohun tí ayé kò mọ̀. Bí ọmọ bá kú, ikú rẹ̀ ní ọjọ́. Òfin á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún láti ọjọ́ yẹn. Bó bá pẹ́ jù, ẹjọ́ ti kú. Bí ìjọba bá kéde ìdáríjì, ìdáríjì náà á bò ó. Bí ọmọ bá nù, ọjọ́ wo ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó gbé e parí? Ní 1978, Pinochet ṣe òfin tó dárí ji ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ láti ọjọ́ tó gbàjọba títí di ọdún yẹn. Nígbà tó ṣe, adájọ́ Chile kan, Juan Guzmán, wò ó, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé òkú wá, a jẹ́ pé ìjínigbé náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ di òní, òfin tó dúró ní 1978 kò lè bò ó. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fara mọ́ ọn ní 1999. Ọgbọ́n tí àwọn sójà fi pa òkú mọ́ ló wá so wọ́n lọ́wọ́. Nínù burú fún ìyá. Ó tún burú fún ẹni tó gbé ọmọ, bí ìyá náà bá kọ̀ láti dákẹ́.

Ọ̀nà tó jọ èyí ni wọ́n gbà mú Videla. Wọ́n ti dá a lẹ́bi ní 1985, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n òfin méjì jáde ní 1986 àti 1987 tó dáàbò bo ọ̀pọ̀ sójà, Ààrẹ Menem sì dárí ji Videla pàápàá ní 1990. Ohun kan ló ṣẹ́ kù tí àwọn òfin náà kò bò: ọmọ ìkókó. Àwọn aboyún tí wọ́n kó, wọ́n ń fi wọ́n sílẹ̀ títí wọ́n á fi bímọ, wọ́n á pa ìyá, wọ́n á sì gbé ọmọ fún sójà tàbí ọ̀rẹ́ sójà kan láti tọ́ pẹ̀lú ìwé ìbí èké. Àwọn ìyá àgbà, ìyá àwọn aboyún náà, dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n fojú bù ú pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó 500. Wọ́n ń lọ káàkiri ayé láti bi àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà lè fi ọmọ-ọmọ hàn nígbà tí bàbá àti ìyá kò sí. Mary-Claire King, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, bá wọn wá ọ̀nà rẹ̀, Argentina sì dá ilé ìpamọ́ sílẹ̀ ní 1987 fún irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti rí ti lé ní 130. Ọmọ-ọmọ Estela de Carlotto, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, ni wọ́n rí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014. Ó ti di ẹni ọdún 36, olórin ni, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì fi tọ́ ọ dàgbà. Ìyá àgbà yẹn ti ń wá a láti ìgbà tí wọ́n ti pa Laura, ọmọ rẹ̀, ní 1978. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìkókó yìí ni wọ́n fi tún mú Videla ní 1998. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fagi lé àwọn òfin méjèèjì. Ní 2012 wọ́n dá ẹ̀wọ̀n 50 ọdún fún Videla lórí àwọn ọmọ tí wọ́n jí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló sì kú sí ní 2013. Astiz náà gba ẹ̀wọ̀n gbére ní 2011.

Ìjà wà láàárín àwọn ìyá náà, mi ò sì rò pé ó yẹ ká fi pamọ́ nítorí pé a fẹ́ràn wọn. Ní 1986 wọ́n pín sí méjì. Hebe de Bonafini, tí ọmọkùnrin rẹ̀ méjì nù, kọ̀ kí wọ́n máa hú egungun jáde, kò gba owó ìtanràn, kò sì gba ìwé ẹ̀rí ikú. Lójú tirẹ̀, ìjọba tó gbé ọmọ lọ láàyè ni kó dá a padà láàyè, bí kò bá sì lè dá a padà, kó dárúkọ ẹni tó pa á. Ẹni tó bá gba egungun ti gbà kí ìjọba pa ìwé dé. Àwọn kejì ní àwọn fẹ́ egungun ọmọ àwọn, kí àwọn sin ín, kí àwọn sì máa bá ẹjọ́ lọ. Mo rò pé bí wọ́n bá da ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn ìyá wa ní Ifo, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì ni ọ̀pọ̀ máa wà, nítorí òwe wọn ti dá ẹjọ́ náà tipẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn lèmi náà wà. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti tẹ̀ lé ojú ọ̀nà líle ti Hebe, mi ò mọ̀ bóyá àwọn ọ̀gágun ì bá ti fi egungun àti owó díẹ̀ ra ìdákẹ́jẹ́ ní 1984. Hebe fúnra rẹ̀ kì í ṣe áńgẹ́lì. Nígbà tó dàgbà, ọ̀rọ̀ owó ìjọba tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kọ́lé dá wàhálà ńlá sílẹ̀. Ó kú ní 2022.

Nǹkan kan tí àwọn méjèèjì jọ ṣe ni pé wọ́n tọ́jú ìwé. Láti ọjọ́ kejì tí wọ́n bá ti gbé ọmọ ni ìyá ti ń kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ pé kí ẹni tó mú un gbé e jáde. Adájọ́ kọ̀ ọ́. Ìyá náà kọ òmíràn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ dà nù nígbà ìjọba sójà. Nígbà tí ìjọba yí padà, àwọn ìwé tí wọ́n kọ̀ yẹn ni àwọn olùwádìí fi mọ ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan, ibi tí wọ́n ti gbé e àti irú ọkọ̀ tó wá. Òfin tiwa náà ní ilẹ̀kùn yẹn. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibẹ̀, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́, bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ifo, Ibafo àti Mowe, kò sí èyí tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ilé ẹjọ́. Ọjọ́ kan ni. Ẹ bi àwọn tó ti lọ gba béèlì ọmọ rí.

Àwa náà ṣe ìjókòó tiwa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1999, kò tíì pé oṣù kan tí Ọbásanjọ́ padà wá gẹ́gẹ́ bí alágbádá, ó yan Adájọ́ Chukwudifu Oputa àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ láti wádìí ìwà ìkà tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìjọba ológun. Ìwé ẹ̀sùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn lé ní 10,000. Àwọn èèyàn ń pa iṣẹ́ tì láti wo ìjókòó náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọbásanjọ́ alára lọ jókòó níwájú wọn. Babangida, Buhari àti Abdulsalami kò yọjú. Ọ̀rọ̀ Bagauda Kaltho wà lára ohun tó dé iwájú ìgbìmọ̀ náà. Akọ̀ròyìn TheNews ní Kaduna ni, ó nù ní 1996 nígbà ayé Abacha. Lẹ́yìn ọdún méjì tí kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó wà, tí Abacha sì ti kú, àwọn ọlọ́pàá jáde wá sọ pé òun ni ẹni tí bọ́m̀bù fà ya ní òtẹ́ẹ̀lì Durbar ní Kaduna, pé òun gan-an ló gbé bọ́m̀bù náà lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni. Wọn kò gbé òkú kankan fún ẹbí rẹ̀. Oputa fi ìwé àbọ̀ sílẹ̀ ní 2002. Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò ní agbára lábẹ́ òfin láti gbé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ìjọba kò tẹ ìwé náà jáde. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ló gbé e síta fúnra wọn lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè rí i kà. Mo rò pé ibi tí tiwa ti já nìyí: ìgbìmọ̀ wà, ẹ̀rí wà, omijé wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ẹjọ́ ti ilẹ̀kùn, kò sí èrò lẹ́nu ọ̀nà ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kò wá pin sí òkè òkun àti Nàìjíríà nìkan. Ní oṣù Keje ọdún 2005, ó lé ní 50 arìnrìn-àjò tó ń lọ sí Yúróòpù tí àwọn ẹmẹ̀wà Yahya Jammeh, ààrẹ Gambia nígbà náà, pa ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọmọ Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n jáde nílé pẹ̀lú báàgì kan ni, tí ilé ń retí ìpè wọn láti Yúróòpù.

Èyí tó jọ ti Plaza de Mayo jù ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ti Conakry, olú ìlú Guinea. Ọ̀gágun Moussa Dadis Camara gbàjọba níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, àwọn èèyàn kún pápá ìṣeré ìlú náà láti sọ pé kò gbọ́dọ̀ díje dupò ààrẹ. Àwọn sójà onífìlà pupa tó ń ṣọ́ ọ ya wọlé, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì fipá bá àwọn obìnrin lò lójú ọ̀sán gangan. Àwọn olùwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka èèyàn 156 tí wọ́n pa tàbí tí a kò rí mọ́, àti ó kéré tán obìnrin 109 tí wọ́n bà jẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìjọba tẹ́ òkú 57 sí mọ́ṣáláṣí ńlá Fayçal kí àwọn ẹbí wá wo tiwọn. Àwọn ìyá ń ṣí aṣọ lójú òkú kan lé òmíràn. Ọ̀pọ̀ kò rí tiwọn níbẹ̀, wọn kò sì rí i títí dòní. Wọ́n ti kó àwọn òkú kan gba bárékè lọ sin sí kòtò.

Asmaou Diallo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí wọ́n pa ọmọ wọn lọ́jọ́ náà. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AVIPA, ti àwọn tó fara gbá ọ̀rọ̀ náà, òbí wọn àti ọ̀rẹ́ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ariwo: kíkọ orúkọ sílẹ̀, mímú àwọn obìnrin tí ọkọ lé jáde nílé nítorí ohun tí sójà ṣe sí wọn lọ sí ọsibítù, wíwá agbẹjọ́rò tí kò ní gbowó, àti bíbẹ àwọn tí ẹ̀rù ń bà pé kí wọ́n wá jẹ́rìí. Ìjọba mẹ́ta ló kọjá lórí wọn. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, tó pé ọdún 13 gééré, ni ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Conakry, níwájú àwọn adájọ́ ọmọ Guinea, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Ààrẹ àná jókòó sínú àpótí àwọn olùjẹ́jọ́, àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń sọ fún pé kí wọ́n gbàgbé sì dìde, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe sí wọn lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n 20 ọdún fún Dadis Camara. Kò wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀gágun tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè, ní ilé ẹjọ́ ilẹ̀ náà, lójú òun fúnra rẹ̀, lórí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí.

Kò tó ọdún kan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Mamadi Doumbouya, ọ̀gágun mìíràn tó gbàjọba ní 2021, tó sì jẹ́ kí ẹjọ́ náà wáyé, dárí ji Dadis Camara. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2024, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n dájọ́ náà, àwọn tó dìhámọ́ra ya wọ ilé kan ní Conakry, wọ́n gbé Oumar Sylla, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Foniké Menguè, àti Mamadou Billo Bah, aṣáájú nínú ẹgbẹ́ tó ń bèèrè pé kí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò rí wọn. Agbẹjọ́rò ìjọba jáde sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní kò sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kankan ní Guinea tí wọ́n wà.